Ẹni Tó Ni Ohùn Orin Ogójì

Mojọlá yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rin kúrò létí, ó wo kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́, ó sì tún gbé e padà sétí. Orin Hawaii ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, orin tí wọ́n ti gbà sínú àwo láti ọdún 1936, pẹ̀lú gìtá tó ń fa ohùn gùn-ùn. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn Orin Ogójì ni. Orin Ogójì tí ìjọ wọn ní Sharpstown, nílùú Houston, máa ń kúnlẹ̀ kọ, torí orí òkè àdúrà ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti fi í fún bàbá rẹ̀, olóògbé Wòlíì Táyéwò, lọ́dún 1961, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ méje.

"Ṣé o ti rí ẹni tó kọ ọ́?" Nathan, ọ̀gá rẹ̀, ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Orin àtijọ́ ni ilé iṣẹ́ wọn ní Houston ń tún gbé jáde, Mojọlá ló sì ń wá àwọn tó ṣẹ̀dá wọn gan-an, kí orúkọ wọn lè wà lára àwo tuntun.

"Mo ti rí i. Tíṣà obìnrin kan ni, Hattie Kekua. Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin tó gbà á sínú àwo ló fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ obìnrin náà, Evelyn, ti fi ìwé tí ìyá àgbà rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin náà sí ránṣẹ́ sí mi."

"Ó dáa. Ó parí nìyẹn."

Ti Nathan ló parí. Ìjọ ń tẹ ìwé orin tuntun, Mojọlá ni wọ́n sì gbé e fún pé kó yẹ orúkọ àwọn tó ni orin wò, ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ohun tó wà lábẹ́ Orin Ogójì ni: "Ọ̀rọ̀ àti ohùn: Wòlíì Táyéwò." Bó bá fi í sílẹ̀, kí ló fi sàn ju ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin yẹn lọ? Bó bá sì yí i padà, ó ti pe bàbá tó bí i lólè lójú gbogbo ìjọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúrótìmí, tó jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ náà, ó sì gbé orin náà sí i létí lórí fóònù.

"Coincidence ni, wọ́n kàn jọra ni," ni Olúrótìmí wí.

"Bọ̀dá mi, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn?"

"Ṣé o fẹ́ kí n dúró lórí pẹpẹ kí n máa sọ pé Daddy jí orin? Daddy tí kì í fọwọ́ kan nǹkan oní-nǹkan? Má dán an wò, Mojọlá. Leave it like that." Ó pa fóònù.

Mojọlá gba títì Southwest Freeway lọ sílé màmá wọn ní Missouri City. Màmá jókòó ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Mojọlá kí i tán, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ló bá kàn tan orin náà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lábẹ́ ẹnu. Ibì kan wà tí gìtá ti dákẹ́ díẹ̀, tí ìjọ wọn kì í dákẹ́ rárá. Màmá dákẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ àwo yìí."

Màmá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ti bàbá mi ni. Nígbà tí dádì yín ń fẹ́ mi sọ́nà, tó bá ti wá sílé wa l'Ébùté Mẹ́ta, àwo yìí ló máa ń ní kí n gbé sí i."

"Ẹ wá ń wò ó, ẹ ò sọ fún un?"

"Kí ni kí n ṣe? Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó sọ̀ kalẹ̀ tòun tomijé, ó ń kọrin. Kò parọ́ o. Ó ti gbàgbé ibi tó ti gbọ́ ọ ni. Gbogbo ìjọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé kí èmi ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé wá nawọ́ sókè pé àwo bàbá mi ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mojọlá. Màmá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tó fi gèlè nu ojú. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Ta ló kọ ọ́ gan-an?"

Mojọlá sọ fún un.

"Kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Bàbá ẹ ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, obìnrin yẹn ló ni ohùn. Fi ti Rótìmí sílẹ̀ fún mi. Kó o sì pe ọmọ-ọmọ ẹ̀ fún mi."

Mojọlá tún un kọ, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, kó tó pe Evelyn. Màmá gba fóònù, ó fi òyìnbó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀ pé ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí àwọn ti ń kọ orin ìyá àgbà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé àwọn kò tọrọ ẹ̀, kó máà bínú.

"Ẹ ṣì ń kọ ọ́?" ni Evelyn bèèrè. "Nínú ẹbí wa, èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni," ni Màmá dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa gan-an mọ̀ ọ́n."