Ọ̀pá Tó Kù Lórí Òkè

Kí Dúrótoyè tó gba ìsinmi níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìṣó ní Sango, ó ti sọ fún Mùsílíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé bí òun bá fi máa ti orí òkè àdúrà dé, òun kò ní mú ọ̀pá dání mọ́. Mùsílíù ṣe àmín, ó ní òun á máa wọ̀nà fún un lẹ́nu géètì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

Ìjọ Dúrótoyè ní Joju fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ ìjọ dé Èkìtì, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn láti òkè dé òkè fún ọjọ́ mẹ́ta. Lórí òkè tó kẹ́yìn, ẹni tó bá rí ìwòsàn á fi ohun tó ń lò nítorí àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Orúnkún tó ń yọ Dúrótoyè lẹ́nu kì í sì í dùn ún bó bá ń gòkè. Ó gùn ún láì kérora, ó gbà pé ó ti sàn, ó jẹ́rìí, ó gbé ọ̀pá lélẹ̀. Pásítọ̀ Seth kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọjọ́ Ìsinmi. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tó gòkè á sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárín àpáta méjì, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, ìrora orúnkún ti jí. Àwọn yòókù ti kọrin lọ níwájú. Màmá Àpọ́nlé nìkan, ìyá àgbà tó ń ta aṣọ ní Ojú Ọrẹ, ló kù lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ n di èjìká yín mú, Bùrọ̀dá,” ni màmá wí. “Ẹ̀yin lẹsẹ̀ yín ti sàn.”

Dúrótoyè ní kò burú. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí bó bá ṣubú, àwọn méjèèjì ló lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, tiẹ̀ sì ti balẹ̀ lójú gbogbo ìjọ.

“Màmá, ẹ ṣọ́ gbòǹgbò yẹn.”

“Gbòǹgbò wo?”

“Èyí tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Dúrótoyè bojú wẹ̀yìn.

“Màmá, jígí ojú yín dà?”

“Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá yín.”

Wọ́n jókòó sórí àpáta.

“Orúnkún mi ò sàn, Màmá.”

“Mo mọ̀. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń payín.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Bí mo bá sọ, ẹ ó bi mí nípa ojú.”

Wọn ò jiyàn lórí ẹni tó máa padà lọ mú ọ̀pá àti jígí. Dúrótoyè gòkè, orúnkún ò dùn ún rárá, ìyẹn sì bí i nínú. Ó bá Pásítọ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn nídìí pẹpẹ.

“Kí lẹ gbàgbé, Bùrọ̀dá?”

“Ẹ̀rí mi ni, sà. Mo fẹ́ gbà á padà.”

Pásítọ̀ wo orúnkún náà títí, ó ṣí ìwé, ó fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Dúrótoyè mú ọ̀pá àti jígí, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ lọ bá màmá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mùsílíù wà lẹ́nu géètì lóòótọ́. Ó wo ọ̀pá náà.

“Òkè yẹn ga gan-an?”

“Gíga kọ́ ni wàhálà ẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ni.”

Mùsílíù gba báàgì oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré kọjá lára wọn kí agogo tó lù, òun sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí orúnkún tiẹ̀ náà ń dùn.