Aṣojú Ọ̀gá Níbi Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ní Àbújá, ẹni ńlá kì í dé ibi tí wọ́n bá pè é sí. Aṣojú rẹ̀ ló ń dé. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò kọ, tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, aṣojú ni. Nínú gbogbo aṣojú tó wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2014, n kò rò pé ẹnìkan mọ iṣẹ́ náà tó Múyìwá Fọláyan, ọmọ Èkìtì tó ń gbé ní Karu. Ọ̀gá rẹ̀, Japheth Ọbayẹmí, ló ń ṣojú fún láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ̀gá náà di Olùdarí.

Múyìwá ti ṣojú ọ̀gá níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú, àti níbi ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pàdé lé lórí. Ó ti jó dé iwájú pẹpẹ níbi ìdúpẹ́ ọlọ́mọ tuntun kan, tí alága ìjókòó sì ń pariwo pé kí gbogbo ìjọ wo bí Olùdarí ṣe ń jó. Òfin kan ló fi ń ṣiṣẹ́: aṣojú kì í ṣe ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, ọ̀gá ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Bí wọ́n bá bú u, ọ̀gá ni wọ́n bú, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ èébú náà fún ọ̀gá láì dín láì fi kún. Oúnjẹ nìkan ni kì í mú délé, nítorí pé ìrẹsì máa ń tutù lọ́nà.

Lọ́dún náà, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé olùdarí méjì dè mọ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ, wọ́n sì kọ sákúlà pé kí gbogbo olùdarí tàbí aṣojú wọn wá sí gbọ̀ngàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí wọ́n fi kọ "tàbí aṣojú wọn". Inú gbogbo sákúlà ló máa ń wà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì ronú sí i ju bí èèyàn ṣe ń ronú sí "Àmín" lọ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọ̀gá wà lóko rẹ̀ ní Abaji, ó ń wo bí iṣu ṣe ń ta. Ó pe Múyìwá lórí fóònù.

"Múyìwá, bá mi débi àyẹ̀wò yẹn o."

"Mo ti wà níbẹ̀, sà."

Nọ́ọ̀sì tó jókòó sídìí tábìlì, Khàdíjàt, jẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n yá wá láti ilé ìwòsàn kan fún ọjọ́ náà. Ó wo orúkọ tó wà nínú ìwé, ó wo Múyìwá.

"Ẹ̀yin ni Japheth Ọbayẹmí?"

"Èmi ni aṣojú wọn."

"Dádì, BP ni mo fẹ́ yẹ̀ wò o. Ta ní ń rán aṣojú wá síbi ẹ̀jẹ̀?"

Òṣìṣẹ́ tó ń darí ètò sáré dé pẹ̀lú sákúlà, ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ "tàbí aṣojú wọn" sí. "Madam, abeg, follow the circular." Khàdíjàt wo ìlà tó wà lẹ́yìn Múyìwá, ó rí i pé aṣojú ni gbogbo wọn. Ó mí kanlẹ̀, ó sì so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Múyìwá lápá.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, Khàdíjàt tún un ṣe. Ó tún un ṣe sí apá kejì.

"Kai! One-eighty over one-ten! Ó ga jù!"

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà tún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Khàdíjàt fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣàlàyé fún un. "Ṣé ẹ mọ páìpù tó wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́? Bí èèyàn bá ń da omi ọbẹ̀ sí i lójoojúmọ́, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn nínú títí ọ̀nà á fi há. Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ṣe ń há nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì tún máa ba iṣan náà jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbẹ̀ tó dí i pa, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé nínú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹnu á wọ́, apá kan á rọ, ọ̀rọ̀ á máa lọ́. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn tààrà ni, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kò tíì dé bẹ́ẹ̀. Oògùn wà, kí iyọ̀ àti ẹran ọlọ́ràá dínkù, kí ẹsẹ̀ sì máa rìn."

Omijé bọ́ lójú Múyìwá. "Háà, ọ̀gá mi! Èèyàn dáadáa!"

Khàdíjàt wò ó títí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tọ́jú ara yín."

"Tèmi kò sí nínú sákúlà," Múyìwá dáhùn, ó sì nu ojú rẹ̀.

Ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ̀gá nílé rẹ̀ ní Gwarinpa láì dín láì fi kún. Ọ̀gá, tí kò ṣàìsàn rí lẹ́yìn ibà, jókòó gbọ̀ọ̀ bí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún.

"Mo ti ń fura," ó ní. "Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, mo máa ń mí."

Láti ọjọ́ náà, kò sí aláìsàn tó gbọ́ràn bíi ti ọ̀gá ní gbogbo Àbújá. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, ó ń lo ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lálẹ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní iyọ̀ mọ́, ó sì ń rìn yí àdúgbò po ní ìdájí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ojúure rẹ̀ kò dẹ́kun àtimáa gbé súyà, orí ewúrẹ́ tí àwọn Ìgbò ń pè ní ìsí ewu, àti àgbò yíyan wá. Ọ̀gá á bo imú, á ní, "Múyìwá, gbé e kúrò níwájú mi. Ẹ̀mí mi ni wọ́n fẹ́ gbà." Múyìwá á gbé e. Kí ó tó dé Karu, á ti jẹ ẹ́ tán nínú ọkọ̀, á sì máa káàánú ọ̀gá bó ṣe ń họ eegun.

Ilé ìwòsàn tó fi èsì àyẹ̀wò náà kọ oògùn fún ọ̀gá ní kí ó máa wá yẹ ara wò lóṣooṣù. Ọ̀gá kò fẹ́ràn òórùn ilé ìwòsàn. "Ìwọ ni ara rẹ mọ́ nǹkan wọ̀nyí," ló wí, bẹ́ẹ̀ ni Múyìwá ń lọ. Á pe orúkọ ọ̀gá, wọ́n á ṣí fáìlì ọ̀gá, wọ́n á so nǹkan mọ́ apá Múyìwá. Ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wálẹ̀, nígbà tí oògùn ń lọ sí Gwarinpa, tí súyà ń lọ sí Karu? Dókítà fi kún oògùn, kò wálẹ̀. Ó tún fi kún un. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bó bá dìde lórí àga, ilé á máa yí i lójú. Lọ́jọ́ kan ó kí ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù kú àárọ̀, ó bi í léèrè ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí mà le o!" Ẹgbẹ́ àdúrà wọn gba ààwẹ̀ fún ọ̀gá, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé Múyìwá lórí, torí òun ló ṣojú níbẹ̀.

Abímbọ́lá ìyàwó Múyìwá, tó jẹ́ olùkọ́ ní Karu, ni nǹkan náà kọ́kọ́ yé. Ó gbọ́ ìtàn náà tán lórí oúnjẹ, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Dádì Démiládé, apá ta ni wọ́n so nǹkan mọ́?"

"Apá mi ni. Ṣùgbọ́n mo ń ṣojú ni."

"Nígbà tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́, ta ló dùn?"

"Abímbọ́lá, ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn, kò lè yé ẹ."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń ru! Àrùn tó gbé àwọn ọ̀gá yẹn ṣubú, ẹ̀yin ló ń bọ̀ wá bá! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tiyín dà? Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó nítorí sákúlà?"

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni Múyìwá. Ọ̀rọ̀ náà ti wá sí i lọ́kàn rí, ní ìdájí kan tí orí ń fọ́ ọ, ó sì lé e jáde. Bó bá gbà pé tòun ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, a jẹ́ pé oògùn ẹlòmíràn ni Olùdarí ti ń gbé mì láti oṣù mélòó kan wá. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún Olùdarí? Ìwé ìgbéga Múyìwá sì wà lórí tábìlì ọ̀gá, ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Ó ní òun á sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbéga. Ó fa abọ́ ẹran mọ́ra, Abímbọ́lá sì dìde, ó wọ yàrá lọ sunkún.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá olùdarí tó tọ́jú ara rẹ̀ jù lọ́lá. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀gá Ọbayẹmí ni? Ṣùgbọ́n òòyì kò jẹ́ kí ọ̀gá lè jáde nílé lọ́jọ́ náà. Múyìwá ló gun orí pèpéle láti ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀. Ó kà á dé ibi tí ọ̀gá ti sọ pé òun fi ìkóra-ẹni-níjàánu ṣẹ́gun àrùn rọpárọsẹ̀, ni ìwé bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ mú un, ọwọ́ kò dáhùn. Ó fẹ́ tọrọ gáfárà, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Yéè! Olùdarí ti ní stroke!" ni ẹnìkan ké.

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n pe ìyàwó ọ̀gá, wọ́n ní kó gba kádàrá. Wọ́n gbé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, iná ń kọ mànà lórí rẹ̀, ó di Gwarinpa. Gbogbo èèyàn wọ ọkọ̀ tẹ̀lé e, àlùfáà ẹgbẹ́ àdúrà ló ṣáájú. Wọ́n bá ọ̀gá lórí àga níbi tó ti ń tòògbé. Wọ́n sọ fún un pé ó ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá sì gbà wọ́n gbọ́, ó dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Múyìwá nìkan ló kù ní gbọ̀ngàn. Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé kí Ọlọ́run ṣàánú ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni itọ́ kán sí i láyà, ó tutù, ara òun fúnra rẹ̀ ló sì tutù sí. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ikú gan-an ni, kò sí ẹni tó lè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún. Ó rántí Démiládé, ó rántí Abímbọ́lá tó ń sunkún ní yàrá. Ó fi ọwọ́ òsì wá fóònù títí ó fi rí i.

"Dádì Démiládé?" ni ìyàwó rẹ̀ ní. Ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lọ́, kò bèèrè ohun mìíràn. Takisí tó wọ̀, kò dúnàádúrà.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọ̀gá lọ náà ni Abímbọ́lá gbé e lọ, bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá ló sì ṣófo. Àwọn ará ilé iṣẹ́ yí ọ̀gá ká. Dókítà ibẹ̀, Adébíyì, ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ọ̀gá wò tán ni, inú ń bí i.

"Ta ló ń fún bàbá yìí ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Kò ní in! Oògùn ló fẹ́ pa á. Ẹ̀jẹ̀ ta lẹ yẹ̀ wò?"

Ìwé ìgbéga ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, Olùdarí fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Múyìwá yí orí padà lórí ìrọ̀rí, ó fi gbogbo agbára wá ahọ́n rẹ̀.

"Tè... tèmi," ó ní. "Tèmi ni, sà."

Dókítà sáré bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n so nǹkan mọ́ ọn lápá, wọ́n ké sí àwọn tó ń ya àwòrán orí. "Ẹ tètè gbé e dé, a ó gbìyànjú," ló sọ fún Abímbọ́lá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Múyìwá. "Bàbá, ẹ gbọ́ mi? Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún mi."

Ọwọ́ òsì gbéra. Ọ̀tún kò mira.

"Ẹ tún gbìyànjú ọ̀tún."

Múyìwá di eyín, òógùn bò ó lójú. Abímbọ́lá ń pe orúkọ rẹ̀. Ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọ̀gá Ọbayẹmí ti dìde jókòó, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti di Olùdarí, kò ṣe nǹkankan fún ara rẹ̀ rí. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mò ń ṣojú rẹ̀ ni." Ó gbé e ga, ó nà án gbọọrọ, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Lórí bẹ́ẹ̀dì Múyìwá, ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí.