Èéfín Ọkọ̀ Bàbá Abdón

Ohun gbogbo tí iná wà nínú rẹ̀ ló ń mí. Ènìyàn ń mí, ààrò ń mí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pàápàá ń mí. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò pín afẹ́fẹ́ dọ́gba fún ayé: ó bu púpọ̀ fún àwọn ará etíkun, ó bu ìwọ̀nba fún àwọn tí ń gbé orí òkè. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì ìlú Cuenca, láàárín àwọn òkè Ecuador, fi máa ń dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó wà lè jó o tán. Epo tí kò bá rí afẹ́fẹ́ jó, èéfín dúdú ni yóò dà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Delfina Zhunio tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù Bàbá Abdón Lituma, ó ń tẹ́tí sí bí ó ṣe ń húkọ́. Ọkọ̀ náà ti pé ogójì ọdún. Wàrà ilé mọ́kànlá ni ó ń kó láti abúlé Tarqui wá sí Cuenca ní òròòwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti kùnà ní ibùdó tí ìjọba ti ń fi ẹ̀rọ wọn èéfín. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìgbà kẹta. Bí ó bá tún kùnà, wọn yóò tú nọ́mbà ìdí rẹ̀, kò sì ní tẹ títì mọ́ láé.

Ọ̀rọ̀ náà dun Delfina dé egungun. Òun ni ó tún kabúrétọ̀ ọkọ̀ yìí, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, tò ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó gbà kí àwọn ọkùnrin Cuenca tó yé béèrè pé mẹkáníìkì dà, nígbà tí ó bá jáde sí wọn tòun ti sípánà lọ́wọ́. Nísinsìnyí, àwọn oníwàrà ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá Abdón ń gbọ́, kò sì fèsì.

Bàbá náà jókòó sórí garawa wàrà, fìlà rẹ̀ lórí eékún.

"Sàlẹ́ńsà ni," ó ní. "Pààrọ̀ ẹ̀, ká máa lọ."

"Bàbá, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹnu ló ń rùn yìí, inú ni àìsàn wà."

"Inú ọkọ̀ mi le ju inú tìẹ lọ."

Delfina mú sípánà. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Epo ti pọ̀ jù, ìyẹn dájú. Ó yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó mọ́. Ó wo ìdérí tí ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà òtútù, ó ṣí dé òpin. Ó wá ku kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Bàbà wẹ́wẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, tí a lu ihò sí láàárín. Inú ihò wọ̀nyí ni epo ń gbà kọjá. Ó yọ èyí tó tóbi, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ó lè ka nọ́mbà ara rẹ̀.

Nọ́mbà náà kì í ṣe èyí tí òun fi sí i. Ihò náà gbòòrò ju ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi sí ọkọ̀ ní Cuenca. Ihò etíkun ni.

Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ni Bàbá Abdón bá ọmọ rẹ̀ obìnrin kó ẹrù lọ sí Machala, létí òkun. Ó sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ̀ òun lọ, ó bọ̀, kò tilẹ̀ sín.

"Bàbá, ta ló ṣí ibí yìí?"

"Ìwọ nìkan. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó yé e wàyí: mẹkáníìkì etíkun kan ló pààrọ̀ rẹ̀ ní Machala. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn ni àwọn ará òkè àti àwọn ará etíkun ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn nínú yẹ̀yẹ́ náà tó Bàbá Abdón. Òun ni ó máa ń búra pé òun yóò fi àyà ti ọkọ̀ òun gun òkè padà kí ọ̀bọ etíkun kan tó fọwọ́ kàn án. Ó yá a lára kí orúkọ Delfina bàjẹ́ ju kí ẹnu tirẹ̀ gba ìtìjú lọ.

Inú bí Delfina. Ṣùgbọ́n ìbínú kò lè wá bàbà òkè jáde. Wọn kì í tà á mọ́ fún irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aago mẹ́ta ń bọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ wo kabúrétọ̀ náà, ohun tí ó rí sì tù ú nínú. Kò sí sùkúrù kan tí orí rẹ̀ bàjẹ́. Bébà líle tí ẹni náà fi dí ẹnu ìdérí, ọwọ́ ni ó fi gé e, etí rẹ̀ sì gún ju èyí tí òun alára ń gé lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kò yíjú sí bàbá náà tí ó fi sọ ọ́:

"Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn."

Lẹ́yìn náà Bàbá Abdón ti ọwọ́ bọ àpò inú kóòtù rẹ̀, ó mú àkísà kékeré kan jáde tí a fi òwú so. Bàbà méjèèjì wà nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ kọ̀ láti fà, ó gbóná bí ààrò. Rugel lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ní tí mo bá ti délé, kí n kó wọn fún ọ." Ó na àkísà náà sí i. "Ó ní kí n kí ọ̀gá tó to kabúrétọ̀ yìí. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

"Ọ̀sẹ̀ méje, Bàbá."

"Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi."

Delfina gba àkísà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní aago mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ìjọba ki ọ̀pá sí ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní kí wọ́n tẹ iná. Ẹ̀rọ náà rò ó títí. Nígbà tí bébà jáde, òṣìṣẹ́ náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọkọ̀ yìí yege, ó sì béèrè ẹni tó tún un ṣe. Àwọn awakọ̀ tó tò sẹ́yìn gbọ́. Bàbá Abdón ṣí fìlà.

"Delfina Zhunio ni," ó ní. "Àti ará Machala kan."

Delfina dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Rugel ṣì ń dún nínú rẹ̀. Ó wá sọ sí i lọ́kàn pé ọkùnrin náà kò rí ojú òun rí. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin. Iṣẹ́ nìkan ni ó rí, iṣẹ́ náà ni ó kí.

Bàbá Abdón kó wàrà fún ọdún mẹ́ta sí i, kí eékún rẹ̀ tó kọ̀. Àwọn ilé mọ́kànlá náà ti ń kó wàrà wọn sínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ akẹ́rù náà wà ní Machala lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń kó. Delfina ṣì ń ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀. Òun àti Rugel kò tíì fojú kan ara wọn.