Gọ́tà Tí A Kò Wọ̀n

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ó ṣe máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí omíyalé yóò dé àti ohun tí yóò bàjẹ́. A kò ní máa bẹ àjèjì mọ́. Ètò náà kò ní kọ́kọ́rọ́: ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Àwa mẹ́fà la gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá wa, tó fi mẹ́wàá nínú ọjọ́ mọ́kànlá náà sùn, ló gba èyí tó tóbi jù.

Iṣẹ́ kan ló kù: kí a lọ wọn gọ́tà àdúgbò ìsàlẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀, mo sì ti wọ bàtà funfun.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, inú gọ́tà kẹ̀? Ìwé agbaṣẹ́ṣe tó kó pàǹtí inú rẹ̀ wà nílẹ̀. Mítà méjì ni fífẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Máàpù jáde, àdúgbò ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlàáfíà. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ń gbé. Láàárọ̀ àná mo gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá, mo bá rí gọ́tà náà: táyà, ọ̀rá, iyanrìn, ìdajì ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tó kù fún omi kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo fi òtítọ́ bọ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo àdúgbò di pupa fòò.

"A ti tẹ máàpù yẹn jáde," Ọ̀gá wí. "Mo ti gbé e dání lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kí n tún padà lọ gbé òmíràn ni?"

"Ẹnikẹ́ni lè ṣí i wò o, sà."

"Ta ló fẹ́ ṣí i? Àwa tí wọ́n kọ́, mélòó ló tún ṣí i?"

Ó jàre níbẹ̀. Mo fi àtúnṣe náà síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ mi. Títí di àárọ̀ òní, ẹnì kankan kò wò ó. Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ aránṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kó lọ sílé mi lónìí. Omi ń bọ̀."

"Omi wo? Àwọn ará iwájú ilé tó fẹ́ kó lọ, èmi ni mo dá wọn dúró. Mo ní ọmọ mi ló ya máàpù."

"Mo ṣì í yà ni, mà."

"Má bú ọmọ mi lójú mi o."

Mo wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ bàtà funfun. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"O ò wá wò ó? Ẹ̀yìnkùlé mi níbí?"

"N kò wá, mà."

Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣọ oníbàárà tí wọ́n gé kúrú jù. "Ilé mẹ́tàdínlógún ni mo ti sọ fún pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀." Ó dìde, ó bo ẹ̀rọ. "Bọ́ síwájú. Ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ fún wọn, ilé kan tẹ̀ lé èkejì."

Òjò ti ń kán nígbà tí a kan ilẹ̀kùn kẹta. Onílé gbọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rí máàpù náà lórí tẹlifíṣọ̀n.