Ilẹ̀kùn Bàbá Oníbàtà Lórí Ìkànnì

Ìkànnì àtijọ́ ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa burú débi pé ojú á máa ro ẹni tó bá wò ó. Lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ewé, orúkọ ilé oògùn tó ti kó lọ tipẹ́, àti fọ́tò alága nígbà tó ṣì nírun lórí. Nígbà tí wọ́n ní kí n tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá wó ilé ọ̀tá rẹ̀.

Láàárín ojú ewé àkọ́kọ́, àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀ tí kámẹ́rà ń yà lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán tòru, láti orí òrùlé ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Alága ló gbé kámẹ́rà náà síbẹ̀ nítorí olè, ó sì gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń fi hàn kò ju igun ọ̀nà kan lọ àti ẹnu ọ̀nà Bàbá Oníbàtà. Bàbá á jókòó, á lu bàtà, á dìde, á tún jókòó.

Mo bi alága pé, "Ta ló tiẹ̀ ń wo eléyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Yọ ọ́ dànù, jàre."

Mo yọ ọ́. Mo gun òrùlé yẹn kan náà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dára tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, mo ya fọ́tò igun ọ̀nà náà, mo sì fi í sí ibi tí àwòrán kámẹ́rà wà gan-an. Kò sí ẹ̀dá kankan tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ nínú rẹ̀. Mo ń yin ara mi, àfi bíi pé èmi ni mo dá oòrùn.

Ìdájí ọjọ́ Ajé ni mo ti tan ìkànnì tuntun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo oníṣọ́ọ̀bù péjọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láti ṣí i, alága ní kí kálukú pa fóònù rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Bàbá Oníbàtà nìkan ni kò wá. Ó ní bàtà tí òun ń rán kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkànnì. Òjò ń kán, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ aláriwo rẹ̀ tó fi ń rán awọ.

Àtẹ́wọ́ ò tíì tán tá a gbọ́ ariwo ọkọ̀ panápaná. A sáré jáde. Ilẹ̀kùn Bàbá Oníbàtà ti di igi ìdáná. Panápaná méjì dúró sínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àáké, bàbá arúgbó náà sì fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kí ni mo ṣe? Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣe?"

Ọ̀gá wọn yọ akoto. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ yín obìnrin ló pè wá láti òkè òkun. Ó ní òun ti ń wo ilẹ̀kùn yín lórí ìkànnì láti àárọ̀, kò ṣí. Ó ní ẹ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ láé. A kanlẹ̀kùn títí, ẹ ò dáhùn."

Fọ́tò mi lọmọ náà ń wò! Ó rò pé kámẹ́rà ni. Ì báà jókòó síbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí.

"Èmi ò lọ́mọ obìnrin," ni Bàbá wí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ó bí i, òun nìkan ló sì bí. Ó fẹ́ ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ò fẹ́, bàbá sì lé e jáde lójú gbogbo àdúgbò. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ṣe tan fóònù rẹ̀ báyìí, ó dún. Ìbẹ̀rù mú kó tẹ ibi tí gbogbo wa á ti gbọ́.

"Mà, mo ti ń pè yín láti àárọ̀! Ṣé wọ́n ti rí bàbá mi? Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?"

Bàbá yíjú sí i. "Ìwọ! O mọ ibi tó wà?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀. "Bàbá, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, tí mo sáré dé, ṣé ẹ rò pé èmi ni mo rí yín? Ìdí ààrò ni mo wà. Òun ló rí yín, òun ló pè mí. Ojoojúmọ́ ló ń wò yín."

Bàbá já fóònù gbà.

"Mo ní n ò fẹ́ fojú kàn ọ́ mọ́. Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, bàbá mi. Mi ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ fojú kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kí èmi má wò yín."

Bàbá gbójú sókè. Ó wo òrùlé ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ibi tí kámẹ́rà wà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na fóònù sí mi.

"Ìwọ tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí, ṣé èmi náà lè rí i?"

Mo kọ́kọ́ tẹ ibi tí kò yẹ, kí ìpè fídíò tó ṣí. Ojú obìnrin kan yọ, omijé ti bò ó. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Ẹ wá wò ó," ló wí. "Ọmọ mi ti hewú."