Gunnvor Kò Fi Ọta Àfọwọ́dì Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwa ọdẹ Furudal péjọ sí abà Torgeir láti pín ibùba ọdún náà, kò tíì sí ẹni tó mu kọfí rẹ̀ dé ìdajì tí Torgeir fi dìde. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ọdẹ wa. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó ní:

"Láti ọdún yìí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọta tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì wọ igbó ẹgbẹ́ yìí. Ọta ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ọ̀rọ̀ parí."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Gunnvor. Àwa kan náà máa ń di ọta nílé, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tí òfin náà ń bá wí? Gunnvor ni ẹ̀gbọ́n Torgeir, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti ń di ọta láti ìgbà omidan rẹ̀. Kò sí ẹ́lígì kan, àgbọ̀nrín ńlá tó ga ju ẹṣin lọ yẹn, tó ṣubú lọ́wọ́ Gunnvor rí tó jẹ́ pé ọta ṣọ́ọ̀bù ló pa á.

Ó rọra gbé ife kọfí sílẹ̀. "Torgeir, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Gbogbo ẹgbẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́. Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀. Wojú mi kí o sọ ọ́."

Torgeir kò wò ó. "Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú èrò."

"Sọ ọ́ o jàre. Mi ò jalè, ojú ò tì mí."

Torgeir yíjú sí fèrèsé. Gunnvor dìde, ó gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wọ̀. "Tóò. Igbó mi wà láàárín igbó tí ẹ ń dọdẹ. Bí ọta mi bá jáde nínú ẹgbẹ́, igbó mi náà jáde. Ó tóbi tó kí ìjọba gbà mí láyè láti pa ẹran kan níbẹ̀ fúnra mi. Ẹ kú ìjókòó o."

Ó fa ilẹ̀kùn pa. Kò sẹ́ni tó lè gbé ife sẹ́nu mọ́.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ nìyí. Sjur, ọmọ kan ṣoṣo tí Torgeir bí, géńdé tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó gẹdú, ọwọ́ Gunnvor ló ti kọ́ ọta dídì. Iṣẹ́ náà kò ṣòro lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wàá mú ìkarahun idẹ tí wọ́n ti yìn, wàá nù ún mọ́, wàá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe wà, wàá fi ìṣáná tuntun, èyí tó ń tan iná sí ẹ̀tù, sí i nídìí. Wàá wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n, wàá dà á sínú rẹ̀, wàá wá tẹ orí ọta bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù kì í ṣe irú kan. Èyí tó ń yára jó wà fún ìbọn ìléwọ́, èyí tó ń rọra jó wà fún ìbọn ẹran ńlá. Ìdí nìyẹn tí Gunnvor fi máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ pé agolo ẹ̀tù méjì kò gbọdọ̀ pàdé lórí tábìlì.

Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, Sjur jókòó nílé ara rẹ̀, ó ń kánjú, ó ṣí agolo méjì sílẹ̀, etí rẹ̀ sì wà níbi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí rédíò. Ẹ̀tù tó ń yára jó ló dà sínú ọta ẹran ńlá. Nígbà tó yìn ín ní pápá ìdánrawò, ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ pátápátá.

Láti ìgbà náà ni Torgeir kò ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun mọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kọ́ ọmọ òun ló fọ́ ọmọ òun lójú. Ó mú Sjur wá sílé ara rẹ̀, kò jẹ́ kó wakọ̀, kò jẹ́ kó gbé àáké. Géńdé wá dà bí àwo tí wọ́n gbé sórí àjà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìpàdé náà ni Sjur yọ́ lọ sílé Gunnvor. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

"Àǹtí, mo fẹ́ dọdẹ lọ́dún yìí."

"Ojú wo lo máa fi wo ẹran?"

"Òsì. Èjìká òsì náà ni màá gbé ìbọn lé."

Gunnvor bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ò lè fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí!"

"Ẹ máa rín mi. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro mi. Mo yá ìbọn ọlọ́wọ́ òsì, mo ra ọta ṣọ́ọ̀bù sí i. Kí n tó fà á, ojú mi á ti pa dé, èjìká mi á ti sá. Tàpá rẹ̀, bó ṣe ń gbá èjìká, ló ń bà mí lẹ́rù. Ọta tí tàpá rẹ̀ kò ní le ni mo wá wá."

"Ọta ṣọ́ọ̀bù ò mọ̀ ẹ́ rí," ni Gunnvor wí. "Ó yẹ kí a di èyí tó bá ara rẹ mu. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá dì í o. Ìwọ ni."

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá tí Gunnvor ti ń di ọta, tí Sjur rí òṣùwọ̀n, ó fà sẹ́yìn. "Bàbá á pa mí."

"Bàbá rẹ ò ní pa ẹnikẹ́ni. Jókòó. Agolo mélòó ló wà lórí tábìlì?"

"Ọ̀kan."

"Ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sókè. Mi ò gbọ́. Tún un kà."

Wọ́n ń dín ẹ̀tù kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yìn ín wò, wọn kò sì jẹ́ kó kéré ju agbára tí òfin ní kí ọta ẹ́lígì ní. Bí ọwọ́ Sjur bá gbọ̀n, Gunnvor á ní kó da ẹ̀tù padà sínú agolo, kó tún wọ̀n ọ́n. Títí ó fi dẹ́kun gbígbọ̀n.

Kò sí ẹni tó lè dọdẹ ẹran ńlá láìkọ́kọ́ yege ìdánwò ìbọn ọdọọdún. Sjur lọ, ó kùnà. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Sjur, pátákó ni kí o yìn o, kì í ṣe òṣùpá!" Ẹ̀rín sọ. Sjur ṣí ìbọn rẹ̀, ó kó ọta jáde, ó ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín yó. Mò ń bọ̀ lọ́la." Ó padà lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọta rẹ̀ ló wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn dé etí Torgeir kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wà ní ilé ìdáná Gunnvor, tí mò ń jẹ lefse rẹ̀, àkàrà pẹlẹbẹ, pẹ̀lú bọ́tà, nígbà tó já wọlé láìkànkùn.

"Ojú kan ló kù fún un! Ẹ fẹ́ fọ́ ìyẹn náà?"

"Pẹ̀lẹ́ o, Torgeir. Jókòó."

"Mi ò jókòó! Ẹ kọ́ ọ, ojú rẹ̀ fọ́. Ẹ tún ń kọ́ ọ!"

"Mo kọ́ ọ dáadáa. Ó ṣe àṣìṣe, ó sì ti jìyà rẹ̀. Mi ò ní gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi rù kí ọkàn tìẹ lè fúyẹ́."

"Bí ó bá tún bẹ́ ńkọ́?"

Gunnvor ń fi ìka pa etí aṣọ tábìlì. "O rò pé mi ò kì í ronú ẹ̀? Bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀rù ti yàrá ọta yẹn pa. Ọmọ rẹ ò kú, Torgeir. Ìwọ lo ń sin ín láàyè."

Torgeir yíjú sí mi. "Asgaut, ìwọ náà wà níbí tí ò ń jẹ oúnjẹ wọn?"

"Oúnjẹ náà dùn, olórí," ni mo wí. Ilẹ̀kùn tó gbá lẹ́yìn ìyẹn, ó mú kí àwọn àwo fò lórí pẹpẹ.

Ní òwúrọ̀ tí àkókò ọdẹ ṣí, yìnyín ti funfun lórí koríko. Gunnvor àti Sjur wà nínú igbó tiwọn, ẹgbẹ́ wà nínú tẹgbẹ́. Èmi ni mo mú ajá dání, Tuva, abo ajá tí kì í gbóhùn ẹnikẹ́ni bí ó bá ti gbọ́ òórùn ẹran. Ó jí akọ ẹ́lígì kan dìde lábẹ́ òkè, ó ń gbó, ó ń lé e lọ. Ajá kò mọ ààlà. Ẹran ré odò kékeré kọjá bọ́ sínú igbó Gunnvor, Tuva tẹ̀ lé e. Èmi dúró létí omi.

Ìbọn dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa.

Ohùn Torgeir dé lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. "Ta ló yìn ín?"

"Ìhà ẹ̀gbọ́n yín ni, olórí."

Láìpẹ́ mo rí i tó ń sáré bọ̀ láàárín igi, kò mú ìbọn lọ́wọ́, fìlà rẹ̀ ti bọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé igi ni mí, ó já lu odò, omi kún bàtà rẹ̀, ó ń pariwo, "Sjur! Sjur o!" Mo sáré tẹ̀ lé e.

Sjur dúró létí ẹrẹ̀, ìbọn rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí lórí apá. Akọ ẹ́lígì náà ti ṣubú sínú irà, Tuva ń fa irun ọrùn rẹ̀. Torgeir kò wo ẹran. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ rẹ̀ mú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ojú òsì náà.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀. Mò ń rí yín."

Torgeir jókòó sórí ewéko tútù, ó ń mí gúlegúle. Gunnvor jáde láti ẹ̀yìn igi, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí èémí Torgeir padà, ó gbójú sókè wò ó.

"Òfin mi ṣì wà o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́. Igbó mi náà ṣì wà níta." Gunnvor ju okùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹran yìí ń rì. Bí o bá fẹ́ bínú, fi ìbínú náà fà á."

A so okùn mọ́ ìwo rẹ̀. Ẹrẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Gbogbo wa là ń fà, a ń bú ẹrẹ̀, a ń bú ara wa. Bí a ṣe dúró mí, Sjur sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Bàbá, lọ́dún tó ń bọ̀, ibí yìí ni mo máa wà. Ọta mi náà, èmi ni màá dì í."

"Mo ti mọ̀," ni Torgeir wí. Ó wé okùn mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fà.