Ìbò Mọ́kànlá

Nígbà tí Kọ́láwọlé sọ pé òun fẹ́ bá Gómìnà du ipò, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú tó Àbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò lè wọlé, kò sì mọ ẹnu tí òun yóò fi sọ ọ́.

Tọmọdé tàgbà ló fẹ́ràn Gómìnà. Àbíkẹ́ pàápàá kò lè pa irọ́ mọ́ ọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìrẹsà, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ́kọ sí, àtùpà ló sì fi ń gbẹ̀bí lọ́pọ̀ nínú àwọn ọdún náà. Gómìnà yìí ló gbé omi ẹ̀rọ àti iná débẹ̀, nígbà tó ku ọdún kan péré kí Àbíkẹ́ fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn aláboyún, ó sunkún.

Síbẹ̀, nígbà tí Kọ́láwọlé wá bá a ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá ìbò lágbègbè yín," kí ló kù tí ì bá sọ?

"Àkànní, ṣé o ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti rò ó, mà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ńkọ́? Ṣé ẹ rí bó ṣe bàjẹ́?"

"Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà yẹn."

Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín. "Ẹ má tíì sọ ìyẹn fún wọn."

Báyìí ni Àbíkẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí orúnkún ń dùn, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti àdúgbò dé àdúgbò. Ibi gbogbo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Wọn á fún un lómi tútù, wọn á gba ìwé tí àwòrán Kọ́láwọlé wà lára rẹ̀, wọn á ní àwọn ti gbọ́. Bó bá tún gba ibẹ̀ kọjá, á rí i pé ìwé náà ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ òótọ́ fún un. Ṣàngódùnní, aránṣọ kan ní Ìrẹsà, dá ẹsẹ̀ máṣíìnì rẹ̀ dúró.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú òkùnkùn lẹ ti gba méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ẹnu há tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo bí ẹ̀kẹta, iná wà. Ta ni kí n wá dìbò fún?"

Àbíkẹ́ na ọwọ́ síbi ìwé tó ti fún un. "Ẹni tó bá wù ọ́ ni, ọmọ mi," ó ní, ó sì gba ìwé rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ ìdìbò, òun náà ló jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ Kọ́láwọlé ní ibùdó ìdìbò àdúgbò rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú àti ìka ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òun náà dìbò. Ó dúró pẹ́ pẹ̀lú ìwé ìdìbò lọ́wọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Gómìnà ní igba ó lé mẹ́rìnlá. Kọ́láwọlé ní mọ́kànlá.

Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wá kí i kú ọ̀fọ̀, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Bólúwatifẹ́, ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ tó ń darí ìdìbò níbẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbé bírò fún un. "Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i." Ó fọwọ́ sí i, ó lọ sílé, ó sùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Kọ́láwọlé pè é sí Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà náà, eruku bo gbogbo wọn. Ó bá àbúrò rẹ̀ nílé bàbá wọn pẹ̀lú lọ́yà kan tó ń jẹ́ Fámúyìwá. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí kan síwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí i, fún ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ pè lórí ìbò náà. Ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó kà á. Ìwé náà ní àwọn jàǹdùkú lé olùdìbò, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì fipá mú Àbíkẹ́ fọwọ́ sí èsì.

"Níbo ni àwọn jàǹdùkú yìí ti wá?" Àbíkẹ́ béèrè. "Èmi ò rí wọn o."

Lọ́yà ní, "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn, màmá. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe é."

"Ta ló fipá mú mi? Ọmọ àgùnbánirọ̀ tó ra bisikíìtì fún mi?"

Kọ́láwọlé kò wojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì ni mo fi rìn. Kò sí abúlé tí n ò dé. Ṣé wọn ò wá fẹ́ràn mi rárá ni?"

Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ṣe Àbíkẹ́ láàánú.

"Wọn ò kórìíra rẹ, Àkànní. Ohun tí wọ́n ní ló tẹ́ wọn lọ́rùn." Ó rọra ti ìwé náà padà. "Mo bá ọ rìn. Mo dìbò fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sí èyí, àwọn tí mo fọwọ́ mi gba ọmọ wọn ni mo ń pè ní olè. Agbára mi ò dé ibẹ̀."

Kọ́láwọlé dìde, ó wọ yàrá lọ. Àánúolúwapọ̀, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n Àbíkẹ́ kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tó ń lọ, àbúrò rẹ̀ kò jáde wá sìn ín.

Kọ́láwọlé pe ẹjọ́ náà láìsí ẹ̀rí Àbíkẹ́. Àwọn aṣojú rẹ̀ mìíràn fọwọ́ sí ìwé tiwọn. Fún oṣù mẹ́fà, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀wà ni Àbíkẹ́ ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ pé àwọn adájọ́ ti da ẹjọ́ náà nù. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó kàn ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Kọ́láwọlé fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ dé. Ó ti rù.

"Ẹ kúulé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?"

"Ó rẹ̀ mí, mà."

"Mo mọ̀."

Kọ́láwọlé jókòó. Ó ní Fádèyí, àgbẹ̀ kan tó ṣe aṣojú òun ní Ọ̀yọ́, lọ jẹ́rìí ní kóòtù pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Lọ́yà Gómìnà wá béèrè bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Bàbá náà ò lè fèsì, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, mò ń rò ó pé ẹ̀yin ni ì bá dúró síbẹ̀ yẹn."

Àbíkẹ́ kò ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. "Ṣé o ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Ojú ń tì mí."

"A ó jọ lọ lọ́la."

Wọ́n lọ. Fádèyí wà lóko, wọ́n sì dúró dè é títí oòrùn fi wọ̀. Bí bàbá náà ṣe sọ ọkọ́ kalẹ̀, Kọ́láwọlé dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Fádèyí wò ó, ó wo Àbíkẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, aṣọ rẹ ti dọ̀tí," ó ní. "Gbogbo wa ló ti rẹ̀."

Ó fa àpótí kan wá fún Àbíkẹ́ láti jókòó, ó sì wọlé lọ bu omi fún wọn.